Abẹ Méje Tí Ìyá Àgbà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kó Lọ

Tí ẹ bá wọ Bantè lónìí tí ẹ béèrè obìnrin tó ń fárí, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á nawọ́ sí ilé mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò dí mi lọ́wọ́ rí. Mo ti fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, mo ti fá orí arúgbó tí irun rẹ̀ kò ju ti àgbàdo lọ, mo sì ti fá orí ọkùnrin kan tó ga débi pé orí àpótí ni mo dúró sí. Lámù tuntun, abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú bébà, ni mo ń bó fún orí kọ̀ọ̀kan báyìí, torí àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé abẹ kan kò gbọdọ̀ kan orí méjì mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n abẹ méje tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà nínú awọ wọn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo sì ń tú wọn jáde láti fi òrí pa wọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mo ń fi òrí pa wọ́n fún nígbà tí n kò fi wọ́n fárí mọ́. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọdún kan ṣoṣo fún un, ọdún tí wọ́n bí àbúrò mi tó kẹ́yìn, tí wọ́n sì fẹ́ gba abẹ náà lọ́wọ́ wa.

Agboolé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lougba, ilé amọ̀ mẹ́rin tó dojú kọra wọn, igi kajú kan láàárín. Kí Bàbá Àgbà tó kú, ìró kan wà níbẹ̀ tí n kò tíì gbọ́ níbòmíràn: fàà, fàà, fàà, ìró abẹ lára awọ ewúrẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni. Odó á máa dún lẹ́yìnkùlé, àwọn ẹtù á máa pariwo lórí igi, màmá mi á máa ro ògì lórí iná, fàà fàà yẹn á sì máa lọ láàárín gbogbo rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni Bàbá Àgbà. Wọ́n ń fárí fún gbogbo Bantè, wọ́n ń dé Atokoligbé, lọ́jọ́ ọjà wọ́n ń gbé àpótí wọn lọ sí Savalou láti fárí fún àwọn Màhí, wọ́n sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ orí. Orí áfà ni o, orí abọ̀rìṣà ni o, orí ará ìjọ aláṣọ funfun ni o, ọṣẹ kan náà ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Ìta ni wọ́n ti ń fá ti ọkùnrin. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá Àgbà, aya wọn, ti ń fá ti obìnrin àti ti ọmọdé, wọ́n sì mọ̀ ọ́n fá ju ọkọ wọn lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, Bàbá Àgbà fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ti jẹ iyán yó. Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, àwọn ẹbí di abẹ méjèèje sínú awọ, wọ́n so wọ́n rọ̀ sí àjà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí ọ̀fọ̀ á fi tán. Ọ̀fọ̀ tán. Kò sẹ́ni tó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Òjò ọdún méjì jò lé wọn lórí, Ìyá Àgbà sì ń jókòó lẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, ọwọ́ wọn lórí itan, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe.

Ọjọ́ kẹta tí màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin ni a gbọ́ alùpùpù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àkọ́bí Ìyá Àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Savalou torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ búrò, iṣẹ́ akọ̀wé. Wọ́n gbé ọmọ náà wò, wọ́n ṣàdúrà fún un, lẹ́yìn náà wọ́n gbójú sókè àjà. Wọ́n ní àwọn wá kó abẹ bàbá àwọn. Wọ́n ní àwọn máa tò wọ́n sínú gíláàsì, àwọn á gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò Bàbá Àgbà, kí àlejò lè máa wò ó.

“Kí àlejò máa wò ó?” ni Ìyá Àgbà wí. “Ṣé abẹ ti di àwòrán ni?”

Bàbá Savalou ti tú awọ náà. Abẹ méjèèje pupa bí erùpẹ̀, àwọn mìíràn ti há mọ́ inú èkù wọn. “Ìyá, ẹ wo bí wọ́n ṣe dógùn-ún. Ta ló ń fi irú èyí fárí mọ́? Ayé lámù la wà. Wọ́n ti kú.”

“Èmi náà ńkọ́? Ṣé èmi náà ti kú?”

Bàbá mi wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́, iṣu ni wọ́n mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, torí àbúrò kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Bàbá Savalou ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìjà, pé àkọ́bí ló ni abẹ bàbá, àti pé ta ni wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ fún nínú ilé tí kò sí ọkùnrin kan tó mọṣẹ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà dìde.

“A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi ni olórí, mo sì wà níbí. Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́ kẹjọ ọmọ yìí, ọ̀kan nínú abẹ bàbá rẹ ni yóò fá orí rẹ̀, ọwọ́ tèmi ni yóò sì dì í mú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ kankan kò jáde nínú ilé yìí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó wọn lọ, kí o lọ fi ṣe àwòrán rẹ.”

Bàbá Savalou rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á padà wá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn á sì mú lámù tuntun dání, torí àwọn kò fẹ́ kí irin tó dógùn-ún pa ọmọ àbúrò àwọn.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, èmi ni àkọ́bí bàbá mi, iṣẹ́ yẹn sì wù mí ju ẹran ọdún lọ. Mo máa ń fi ọṣẹ pa igbá tútù, kí n máa fi èèpo ọparun fá a, wọ́n sì ti nà mí nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí Bàbá Àgbà tó kú, Ìyá Àgbà ti jẹ́ kí n fá orí àwọn ọmọdé mélòó kan lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n á di ọrùn ọwọ́ mi mú. Nítorí náà, kò yà mí lẹ́nu pé èmi ni wọ́n pè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìpẹtà. “Ojú rẹ, ìka mi,” ni wọ́n wí, a sì bẹ̀rẹ̀.

Omi ògì kíkan la kọ́kọ́ lò. Ó pọ̀ nílé lọ́sẹ̀ yẹn torí ògì gbígbóná ni màmá mi ń mu ní yàrá ọmọ. A da omi náà sínú ìkòkò fífọ́, a kó abẹ sí i, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn níbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo agboolé débi pé bàbá mi gbé ẹní wọn kúrò nítòsí. Nígbà tí a kó wọn jáde, ìpẹtà ti rọ̀, ó ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ni eérú, tí a fi gèlè àtijọ́ kan jọ̀ títí tó fi kúnná. A la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, a ti ojú rẹ̀ bọ eérú, a wá ń fi í ra abẹ láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu, kì í ṣe láti ẹnu lọ sí ẹ̀yìn. “Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o tì, ẹnu rẹ̀ ni kí o bẹ̀rù,” ni Ìyá Àgbà ń wí. Ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ wọnú, tó fi ihò dúdú tíntìntín sílẹ̀, wọ́n ní kí n má fi ipá bá a jà. Wọ́n ní ihò kì í ṣe ẹ̀gbin, ọjọ́ orí ni. Omi gbígbóná ló kàn, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ, lẹ́yìn náà oòrùn díẹ̀, kí a tó fi òrí pa á. Omi ọsàn wọ gbogbo ojú ọgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ń ta mí débi pé màmá mi ló ń fi iṣu sí mi lẹ́nu, tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín mi pé onígbàjámọ̀ ń jẹun bí ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà pọ́n èyí àkọ́kọ́ lórí òkúta odò, tí wọ́n gbé e lọ sára awọ ẹnu ọ̀nà, tí fàà, fàà, fàà tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gúnyán dá odó dúró. Bàbá mi jáde láti inú yàrá, wọ́n dúró. Mo rí i pé omi wà lójú wọn, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ pariwo.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí mo ṣe àṣìṣe mi. Ìyá Àgbà lọ kí ẹnì kan tó ń ṣàìsàn ní Lougba, wọ́n ní kí n parí èyí tó kù. Abẹ kan wà nínú wọn tí nǹkan dúdú kan yí lọ́rùn bí òrùka, ó le, ó gbẹ, ó sì yọ sókè díẹ̀. Omi ògì kò ràn án, ọsàn kò ràn án. Mo rò ó pé ìpẹtà tó burú jù lọ ni. Mo fi iyanrìn odò ra á, mo fi àfọ́kù ìgò ha á láti ìrun ọ̀sán títí oòrùn fi rẹlẹ̀, títí òrùka náà fi lọ pátápátá. Mo wá to méjèèje sórí aṣọ funfun kan, gbogbo wọn ń dán, kò sẹ́ni tó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Mo gbéraga gan-an ni. Mo ń wo ara mi nínú irin wọn.

Ìyá Àgbà dé, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ìka wá ọrùn abẹ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá a títí wọ́n fi dé ìkeje, wọ́n tún padà sí èkíní.

“Ràmátù, nǹkan dúdú kan wà lọ́rùn ọ̀kan.”

“Mo ti yọ ọ́, Ìyá Àgbà! Ó le o, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́.”

Wọ́n mú mi lọ́wọ́ jáde, a kọjá ilé ìdáná, a dé ẹ̀yìn abà kí wọ́n tó la ẹnu. Oje igi àti èédú ni òrùka náà, Bàbá Àgbà fúnra wọn ló fi kun ún. Àmì ni. Abẹ yẹn ni wọ́n fi ń fá orí òkú àti orí opó, kò sì gbọdọ̀ kan orí ọmọ titun láéláé. Wọn kò sọ fún mi nítorí pé a kì í dárúkọ abẹ yẹn nínú ilé tí ìwọ́ ọmọ kò tíì já. Ìyá Àgbà ti rò pé àwọn á fi ìka mọ̀ ọ́n, àwọn á rọra yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ á parí. Báyìí, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Mo bú sẹ́kún. Mo ní kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí a kàn mú ọ̀kan. “Rárá,” ni Ìyá Àgbà wí. “N kò ní fi irọ́ fá orí ọmọ ọmọ mi. Nu ojú rẹ. Ẹkún kò lè kun abẹ ní dúdú padà.” Títí dòní, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí pé abẹ opó wà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ rí pé abẹ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú wà. Nígbà tí ọkọ tèmi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí n wá tẹ́rí fún fífá. Mo ní orí yìí ni mo máa fi ronú bí mo ṣe máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n fi irun rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. A kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Mo yè é.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àgbò wà lórí ìso, áfà ti dé, ẹbí ti kún abẹ́ igi kajú. Bàbá Savalou jókòó síwájú, lámù wọn nínú bébà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà kò dúró sẹ́yìnkùlé. Wọ́n jáde sí ìta, níbi tí Bàbá Àgbà ti máa ń fá ti àwọn ọkùnrin, wọ́n ní kí n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí n sì to abẹ tí a ti bọ̀ nínú omi híhó sórí rẹ̀. Wọ́n wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òrùka dúdú náà fún ẹbí, láì fi nǹkan kan pamọ́. Wọn kò tilẹ̀ dá mi lẹ́bi, wọ́n ní, “Àwa méjèèjì la jọ ṣe é.” Ariwo sọ. “Ẹ gbà wá o!” “Ọmọ titun kẹ̀!” Obìnrin kan ti ń gbé ọmọ tirẹ̀ sá.

“Ó ti parí nìyẹn,” ni Bàbá Savalou wí. “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kó wọn.”

Áfà ní irin ni irin, pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ikú wà, kò sí nínú abẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kò ní fi agbára mú ìyá ọmọ. Gbogbo ojú bá kọjú sí màmá mi, tí wọ́n gbá ọmọ mọ́ àyà.

Ìyá Àgbà tú gèlè wọn. Irun wọn ti hù padà, ó funfun, ó kúrú. “Ọ̀kan nínú abẹ yìí ló fá orí mi lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi. N kò tíì kú. Ẹ fi méjèèje kọjá lórí mi lónìí. Tí ikú bá wà nínú èyíkéyìí, èmi ló máa kọ́kọ́ bá.” Wọ́n kọjú sí àkọ́bí wọn. “Ìwọ lo ní àkọ́bí ló ni abẹ. Abẹ rẹ rèé, orí ìyá rẹ rèé. Bọ́ síbí.”

Bàbá Savalou dìde, wọ́n tún jókòó. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ràmátù!” ni Ìyá Àgbà pè.

Mo fi ọṣẹ pa orí wọn. Mo gbé abẹ àkọ́kọ́. Abẹ kọ̀ọ̀kan fá ojú ìlà kan láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo ń gbé ọ̀kan sílẹ̀, mo ń mú òmíràn, àgbò ń ké lórí ìso. Nígbà tí mo gbé ìkeje sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò jáde níbì kankan. Màmá mi dìde. Wọ́n rìn la àárín àwọn èèyàn kọjá, wọ́n gbé ọmọ náà lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀. “Ẹ bá mi fá orí ọmọ yín,” ni wọ́n wí. Ìyá Àgbà mú èyí tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n fi ìka wá orí ọmọ náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n fá a mọ́ tónítóní, ọmọ náà kò tilẹ̀ jí.

“Ọjọ́ kan kọ́ la ń mọ̀ bóyá ikú wà nínú abẹ,” ni Bàbá Savalou wí bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù wọn.

Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn lójú gbogbo ẹbí: “Tí èmi tàbí ọmọ yìí bá kú kí oṣù mìíràn tó lé, wá kó wọn. N kò ní wà níbí láti bá ọ jiyàn.”

Oṣù yẹn gùn. Ní gbogbo àárọ̀ ni mo ń lọ wò bóyá Ìyá Àgbà ń mí, kí n tó lọ pọn omi. Wọ́n á ní, “Mo wà ńbẹ̀, lọ pọn omi rẹ.” Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ibà mú ọmọ náà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lóògùn, ṣùgbọ́n nínú agboolé, àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tó ti pààyàn. Mo kó abẹ méjèèje, mo fẹ́ lọ jù wọ́n sínú kànga. Ìyá Àgbà gbá mi mú lẹ́nu kànga náà. “Àwọn ọmọ tí wọ́n fi lámù fá orí wọn,” ni wọ́n bi mí, “ṣé ibà kì í mú wọn?” Mo ní ó ń mú wọn. “Ó dáa. Gbé wọn padà, kí o fi òrí pa wọ́n.” Ọjọ́ kẹta, ara ọmọ tutù, ó sì ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Oṣù lé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ alùpùpù. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ igi kajú, ní ìta, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, àbúrò mi wà lẹ́yìn mi. Bàbá Savalou sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wọn, wọ́n wo orí ìyá wọn tí irun tuntun ti ń hù lórí rẹ̀, wọ́n wo ọmọ.

“Ṣé abẹ lo wá kó?” ni Ìyá Àgbà bi wọ́n.

“Rárá, Ìyá.” Bàbá Savalou ṣí fìlà wọn. Irun kún orí wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí tó wà níwájú òpó. “Ẹ bá mi fá a.”

Ìyá Àgbà kò dìde. Ọwọ́ wọn kò kúrò nínú ẹ̀gúsí. “Ràmátù,” ni wọ́n wí, “orí dé.”

Mo sọ ọmọ kalẹ̀ fún wọn. Mo lọ gbé awọ wá, mo tẹ́ aṣọ funfun síwájú Bàbá Savalou, mo to abẹ náà sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

“Bàbá, èwo nínú méjèèje?”

Bàbá Savalou wò wọ́n láti èkíní dé ìkeje. Ọwọ́ wọn lọ síbẹ̀, ó padà. Èèpo ẹ̀gúsí ń ṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́.

“Èyí tó bá wù ọ́,” ni Bàbá Savalou wí, wọ́n sì tẹ orí wọn ba níwájú mi.